Òrìṣà Tí Kò Lè Tún Un Ṣe: Yavanna àti Ilẹ̀ Tó Ṣá nínú Ìtàn Tolkien

Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ rí The Silmarillion lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí i láàárín, wọ́n ka ojú ìwé kan, wọ́n sì bi mí pé, "Ìwé òrìṣà wo ni ò ń kà yìí?" Ojú ìwé tí wọ́n ṣí náà dá lórí Yavanna, ẹni tí gbogbo ohun tó ń hù láti inú ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, ìtàn àròsọ ni. Kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́ níbì kankan. Ọkùnrin kan ló fi orí ara rẹ̀ ro gbogbo wọn." Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Wọ́n tún wo ojú ìwé náà, wọ́n ní, "Ó dáa. Bí ilẹ̀ bá wá ṣá ńkọ́? Ṣé ó lè tún un ṣe?"

Mo ti ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀kan nígbà náà, síbẹ̀ n kò rí èsì fún wọn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó gbọ́dọ̀ lè tún un ṣe. Kí ni òrìṣà ìbísí wà fún bí kò bá lè ṣe ìyẹn? Mo padà sínú àwọn ìwé Tolkien lọ wá ìdáhùn. Èyí tí mo rí kò bá ohun tí mo rò mu, òun ni mo sì fi kọ àròkọ yìí.

Fún àwọn tí kò tíì kà wọ́n: ìlú Bloemfontein ní South Africa ni wọ́n bí J.R.R. Tolkien sí ní 1892, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gbé e lọ sí England kí ó tó pé ọmọ ọdún 4. Nígbà tó dàgbà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ èdè ní Yunifásítì Oxford. Apá mẹ́ta The Lord of the Rings jáde láàárín 1954 àti 1955. The Silmarillion, tí ìtàn àwọn òrìṣà wà nínú rẹ̀, kò jáde títí di 1977, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Christopher ló tò ó pọ̀. Kí ẹ̀yin òbí má baà fòyà, ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni Tolkien títí tó fi kú. Nínú ayé tó dá, Ẹlẹ́dàá kan ṣoṣo ló wà, Eru ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Valar ni ó gbé iṣẹ́ ayé lé lọ́wọ́, Yavanna sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá kò nílò kí a ṣàlàyé irú ètò bẹ́ẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìjọra náà kò lọ jìnnà. N kò rí ojúbọ Yavanna nínú ìwé náà, n kò rí àwòrò rẹ̀, n kò sì rí ọjọ́ ọdún tí a ń gbé irè oko tuntun lọ síwájú rẹ̀. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ṣá nínú ìtàn yìí, a kò lè sọ pé òrìṣà ló ń bínú, kí a wá fi ẹbọ tù ú. A ní láti wá ẹni tó ba ilẹ̀ náà jẹ́.

Iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tí Yavanna ṣe ni igi méjì. Ó jókòó lórí òkìtì kan tí koríko bò, ó ń kọrin. Nienna, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nítorí gbogbo ayé, sì fi omijé bomi rin ibẹ̀. Igi méjì hù: Telperion tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bíi fàdákà, àti Laurelin tí tirẹ̀ dà bíi wúrà. Oòrùn kò tíì sí nígbà náà, òṣùpá kò sí. Igi wọ̀nyí ni àtùpà ilẹ̀ àwọn Valar. Lẹ́yìn náà ni Melkor, ọ̀tá gbogbo wọn, mú Ungoliant wá, ẹ̀dá abàmì kan tó gbé àwọ̀ aláǹtakùn wọ̀. Melkor fi ọ̀kọ̀ gún igi méjèèjì wọnú, Ungoliant sì fa oje wọn mu títí wọ́n fi gbẹ.

Ibi tí mo retí pé Yavanna yóò ti tún kọrin nìyí, kí ohun gbogbo sì padà bọ̀ sípò. Ó gun orí òkìtì náà, ó fọwọ́ kan igi. Ẹ̀ka tó fọwọ́ kàn dá, ó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá jẹ́wọ́ fún àwọn yòókù pé òun kò ní lè dá irú wọn mọ́ láéláé. Ọ̀nà kan ló kù. Ìmọ́lẹ̀ igi náà wà nínú òkúta iyebíye mẹ́ta tí Fëanor ṣe, tí wọ́n ń pè ní Silmaril; bí ó bá yọ̀ǹda wọn kí wọ́n fọ́ wọn, ìyè lè padà sínú gbòǹgbò. Fëanor kọ̀. Ó ní òun náà kò lè ṣe irú òkúta bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò mọ̀ pé Melkor ti jí wọn kó lọ kí òun tó la ẹnu. Nienna sunkún, Yavanna kọrin, òdòdó kan ṣoṣo yọ lórí Telperion, èso kan ṣoṣo yọ lórí Laurelin, ó sì parí. Òdòdó yẹn ni àwọn Valar fi ṣe òṣùpá, èso yẹn ni wọ́n fi ṣe oòrùn.

Nínú àwọn ìtàn àtijọ́ tí a ń kà ní kíláàsì, ilẹ̀ máa ń gbẹ nígbà tí òrìṣà bá ń ṣọ̀fọ̀, á sì tún tutù nígbà tí inú rẹ̀ bá rọ̀. Demeter àwọn Gíríìkì kò jẹ́ kí ọkà hù nígbà tí ọmọ rẹ̀ Persephone wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọmọ padà, ọkà hù. Ọdọọdún ni. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń tu ènìyàn nínú, nítorí ìgbà ni ó ń ṣàlàyé, ìgbà sì máa ń yí padà. Ohun tí Tolkien kọ yàtọ̀ sí èyí. Ìtàn ohun tí a bà jẹ́ tí kò padà mọ́ ni ó kọ, ó sì fi òrìṣà ìbísí fúnra rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí pé kò padà. Oòrùn tó ń ràn sí wa lórí, gẹ́gẹ́ bí ìtàn rẹ̀, èso ìkẹyìn igi tó ti kú ni. N kò tíì ka ìtàn mìíràn tó fi ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ sára oòrùn.

Yavanna tún ní ìṣòro nínú ilé. Ọkọ rẹ̀ ni Aulë, alágbẹ̀dẹ àwọn Valar. Aulë mọ àwọn aràrá ní ìkọ̀kọ̀, Eru sì ṣàánú rẹ̀, ó gbà wọ́n. Nígbà tí Yavanna gbọ́, ẹ̀rù bà á. Ẹranko lè sá, ó sì lè jà. Igi ní láti dúró kí àáké wá bá a, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè dàgbà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Manwë, olórí wọn, láti ibẹ̀ ni ìlérí ti wá pé àwọn olùṣọ́ igi yóò wà nínú igbó. Àwọn ni Ent, ẹ̀dá tó rí bí igi tó ń rìn. Inú Yavanna dùn, ó lọ kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣọ́ra. Aulë fèsì pé igi ni wọn yóò ṣáà máa lò, ó sì padà sídìí irin rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí mo ti gbọ́ irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ láàárín tọkọtaya rí, lórí igi máńgòrò kan tó wà níwájú ilé. Tolkien kò sì pe Aulë ní ẹni burúkú. Ẹni tó ń rọ ọkọ́ àti àdá nílò èédú, àgbẹ̀ náà sì nílò ọkọ́. Kò sí ọ̀tá kankan nínú ìjíròrò yẹn, síbẹ̀ igi wà nínú ewu.

Ibi tó dùn mí jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó Ent, tó wà nínú The Lord of the Rings. Treebeard, àgbà Ent, ló sọ ọ́ fún Merry àti Pippin, Hobbit méjì tó sá wọ inú igbó rẹ̀. Ó ní àwọn ọkọ fẹ́ràn igbó kìjikìji. Wọn a máa rìn kiri, wọn a máa jẹ èso tó bá já bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn ìyàwó fẹ́ràn igi eléso, ewéko àti ọkà, wọ́n sì fẹ́ kí nǹkan hù níbi tí wọ́n bá fẹ́ kó hù sí. Wọ́n fi igbó sílẹ̀, wọ́n sọdá odò ńlá Anduin, wọ́n dá ọgbà àti oko sí òdìkejì. Àwọn ènìyàn kọ́ iṣẹ́ oko lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún wọn púpọ̀. Nígbà tí Treebeard lọ wò wọ́n lẹ́yìn ogun ńlá tí wọ́n bá Sauron jà, aṣálẹ̀ ló bá. Wọ́n ti sun ohun gbogbo, wọ́n ti hú ohun gbogbo. Brown Lands ni wọ́n ń pe ibẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn ọkọ wá àwọn ìyàwó títí, wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọmọ Ent kan ti dé ayé kẹ́yìn.

Ní èdè wa, ilẹ̀ a máa ṣá. Obìnrin ni a ń pè ní àgàn, a sì máa ń fi ojú burúkú wò ó, bí ẹni pé láti inú ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìtàn Treebeard, kò sí ẹni tí a lè pè bẹ́ẹ̀. Ogun ló sun oko, ogun ló mú àwọn ìyàwó lọ, àwọn ọkọ ló wá ku tí kò ní ọmọ. Ilẹ̀ tó ṣá àti ilé tí kò lọ́mọ ní ìdí kan náà, a sì mọ ẹni tó fà á. Nínú lẹ́tà kan tó kọ ní 1954, Tolkien sọ pé lérò tòun, àwọn ìyàwó Ent ti ṣègbé pẹ̀lú ọgbà wọn nínú ogun yẹn. Àwọn òǹkàwé kan kò gbà. Wọ́n ń tọ́ka sí ibi tí Sam ti sọ nílé ọtí pé ìbátan òun kan rí ohun kan tó ga bí igi, tó ń rìn, ní ìhà àríwá Shire. Èmi náà ì bá fẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ilé ọtí kò tó ohun tí a lè gbé ìrètí kà.

Mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú Tolkien lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa àwọn ìyàwó Ent, ẹnu ọkọ ni a ti gbọ́ ọ. Orin kan wà tí ọkọ àti ìyàwó ti ń dá ara wọn lóhùn, ṣùgbọ́n Treebeard fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn Elf ló ni orin náà. Kò sí obìnrin Ent kan tó la ẹnu sọ ìdí tí wọ́n fi sọdá odò. Treebeard ní wọ́n fẹ́ kí ohun ọ̀gbìn máa gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàròyé. Àbí kí ni iṣẹ́ oko? Ìyá mi tó ń gbin ewédú lẹ́yìn ilé yóò ní àròyé tirẹ̀ nípa ọkọ tó ń rìn kiri inú igbó, tó ń ṣa èso jẹ. Àwọn tó kọ́ ọmọ ènìyàn ní oko dídá ni ìwé yìí pàdánù, ó sì jẹ́ kí wọ́n lọ láìsọ̀rọ̀. Yavanna tó bẹ̀bẹ̀ kí àwọn Ent lè wà pàápàá kò yọjú sí Brown Lands.

Ẹni tó bá rò pé Mordor, ilẹ̀ Sauron, jẹ́ aṣálẹ̀ látòkè délẹ̀ kò kà á dáadáa. Èmi náà kò kà á dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Ìhà àríwá ni eérú àti èéfín pọ̀ sí. Ní gúúsù, lẹ́bàá adágún Núrnen, oko ńlá ló wà níbẹ̀, àwọn ẹrú ló ń ro ó kí ọmọ ogun lè rí jẹ. Oko yẹn ń so. Èyí yí ọ̀nà tí mo gbà ń ka ìwé náà padà, nítorí kò tó kí a máa bèèrè bóyá ilẹ̀ so tàbí kò so. Ta ló ro ó, ta ló sì jẹ ẹ́? Nígbà tí Sauron ṣubú, Aragorn tú àwọn ẹrú náà sílẹ̀, ó sì fún wọn ní ilẹ̀ tó yí Núrnen ká kó jẹ́ tiwọn. Tolkien sọ ọ́ wéré, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ì bá wù mí kó fún un ní odidi orí kan.

Sam, ológbà Frodo, náà pàdé ìbéèrè yìí ní ẹnu ààlà Mordor, nígbà tí òrùka Sauron wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òrùka náà kò fi wúrà tàn án. Ó fi hàn án pé bó bá gba agbára náà, yóò pàṣẹ, Gorgoroth tí iná àti eérú kún yóò sì di ọgbà olódòdó àti eléso. Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀tàn! Òrùka ń sọ pé kí Sam di òrìṣà ìbísí. Ohun rere ni ó sì fi lọ̀ ọ́. Ta ni kò fẹ́ kí aṣálẹ̀ di ọgbà? Sam kọ̀. Ó mọ̀ pé ọgbà kékeré kan tó òun, àti pé ọwọ́ ara òun ni òun fẹ́ fi ro ó. Lójú tèmi, ibí ni Tolkien ti dáhùn ìbéèrè bàbá mi. Ẹni tó ń ṣèlérí pé òun yóò fi àṣẹ sọ ilẹ̀ di ọ̀tun lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìwé yìí ni Sauron, nípasẹ̀ òrùka rẹ̀. Yavanna kọrin, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì sunkún ohun tó kú. (Àwọn ìyàwó Ent pẹ̀lú ń pàṣẹ fún ewéko, mo gbà, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ń ṣiṣẹ́ ọgbà wọn.)

Tolkien mọ bí ilẹ̀ tí a bà jẹ́ ṣe ń rí. Ó jagun ní Somme, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1916, kí ibà inú kòtò ogun tó dá a padà sí England. Méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ kú lọ́dún yẹn. Nínú lẹ́tà kan tó kọ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó gbà pé àbàtà àwọn òkú àti ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè Mordor bá ohun tó kù ní àríwá Faransé lẹ́yìn ogun náà tan. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 10 pàápàá, ó ti ń wo bí ìgbèríko tó fẹ́ràn ṣe ń bàjẹ́ lójú rẹ̀. Aṣálẹ̀ rẹ̀ kò jọ èyí tí òjò kan lè wò sàn.

Ẹnìkan lè ní, Shire ńkọ́? Lóòótọ́, Shire padà. Àwọn ènìyàn Saruman ti gé igi rẹ̀ lulẹ̀ nígbà tí àwọn Hobbit mẹ́rin náà dé láti ojú ogun. Sam mú àpótí kékeré kan jáde, tí Galadriel, obìnrin Elf kan, fún un: erùpẹ̀ ọgbà Galadriel ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irúgbìn kan ṣoṣo. Ó rìn káàkiri Shire, ó ń gbin igi, ó sì ń fi bíńtín erùpẹ̀ náà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọdún 1420 nínú ìṣírò wọn, òjò àti oòrùn dọ́gba, èso pọ̀, ọmọ pọ̀, ọkà bálì sì dára débi pé àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ ọtí ọdún yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ó yá jù. Ẹ̀yìn ọjà àdúgbò wa, ilẹ̀ kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì sí láti ìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n ti kó lọ, koríko kò sì tíì hù níbẹ̀. Ìrìn tí Sam rìn láti ìdí igi dé ìdí igi ni mo gbà gbọ́, mi ò gba àpótí náà gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé Tolkien fúnra rẹ̀ mọ̀, nítorí ó fi Frodo sínú ọdún ọlọ́pọ̀ ọmọ yẹn. Gbogbo ìlú ń kórè, ọgbẹ́ Frodo kò jinná. Inú ilé kan náà ni òun àti Sam ń gbé. Sam bí ọmọ 13, Frodo kò gbéyàwó, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Mo padà lọ bá bàbá mi. Mo sọ fún wọn pé rárá, kò lè tún un ṣe. Ohun tó ṣe ni pé ó bẹ̀bẹ̀ kí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ìyókù wà. Mo sì sọ ìtàn àwọn Ent fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn ìyàwó yẹn, ṣé wọ́n tún wá wọn lẹ́yìn ogun kejì?" Mo ṣí ìparí ìwé náà, mo sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn. Aragorn ti di ọba, ọ̀nà ìlà-oòrùn tó ti pẹ́ ní títì ti ṣí, ó sì sọ fún Treebeard pé wíwá wọn lè sunwọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ báyìí. Treebeard mi orí. Ibẹ̀ jìnnà, ó ní, ènìyàn sì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó ń dágbére fún Merry àti Pippin, ó rán wọn létí pé bí wọ́n bá gbúròó àwọn ìyàwó Ent ní ìlú wọn, kí wọ́n ránṣẹ́ sí òun. Wọ́n ní àwọn yóò ránṣẹ́. Kò sí ibì kankan nínú ìwé náà tí a ti sọ pé iṣẹ́ dé.